Ìdáàbòbò Etí Ọdẹ Lọ́wọ́ Ìró Ìbọn

Etí ni ọdẹ fi ń kọ́kọ́ rí ẹran. Ní òru, kí iná orí ọdẹ tó tan mọ́ ojú ẹtu, etí á ti gbọ́ bí ewé gbígbẹ ṣe ń fọ́ lábẹ́ pátákò rẹ̀. Nínú eèsún, ìró eyín ọ̀yà lára koríko ló ń júwe ibi tó wà. Ìbọn tí wọ́n fi ń pa ẹran yìí náà ló sì ń ba etí ọ̀hún jẹ́ díẹ̀díẹ̀, láìsí ọgbẹ́ tí ènìyàn lè fọwọ́ kàn. Orí ìwé yìí ṣàlàyé bí ìró ìbọn ṣe ń pa etí lára, ohun tí sàìlẹ́ńsà ẹnu ìbọn lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe, èdídí etí tó yẹ ọdẹ, bí wọ́n ṣe ń lò ó ní irú igbó tó yí Ìlá-Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà ká, àti ohun tó yẹ ní ṣíṣe nígbà tí etí bá ti fara gbá.

Bí ìró ìbọn ṣe ń pa etí lára

Ìró jẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń mì. Bó bá gba ihò etí wọlé, yóò mi awọ ìlù etí; eegun kékeré mẹ́ta tó wà lẹ́yìn awọ náà yóò gbé ìmìtìtì ọ̀hún lọ sí ihò kan tó lọ́ pọ̀ nínú eegun orí, tí omi kún inú rẹ̀. Inú omi yìí ni àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun wà, nǹkan bí 15,000 nínú etí kọ̀ọ̀kan. Àwọn ni wọ́n ń sọ ìmìtìtì di iṣẹ́ tí ọpọlọ ń gbà. Ìró tó bá ju agbára wọn lọ yóò tẹ irun orí wọn ba, yóò dá òmíràn, sẹ́ẹ̀lì náà yóò sì kú. Ẹyẹ a máa hu irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ padà. Ènìyàn kì í hu ú. Iye tí wọ́n bí ọmọ mọ́ ni yóò lò títí dọjọ́ ogbó, kò sì sí oògùn, àgbo tàbí iṣẹ́ abẹ tó ń jí èyí tó ti kú.

Ariwo tó ń dún lọ láìdákẹ́, irú ti ẹ̀rọ ìlọta tàbí ti ẹ̀rọ ìlagi, máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó ba etí jẹ́. Ìbọn lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ara ní ààbò kékeré kan: iṣan tó so mọ́ eegun inú etí máa ń fà le nígbà tí ariwo bá bẹ̀rẹ̀, kí ìró tó ń wọlé lè dín kù. Ṣùgbọ́n ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kí iṣan yìí tó le tán, ìró ìbọn sì ti wọlé, ó ti ṣe ọṣẹ́ rẹ̀ kí àkókò náà tó pé. Nítorí èyí, kò sí etí tí ìbọn ń mọ́ lára. Ọdẹ tí ìró ìbọn kò dùn létí mọ́ bíi ti ìgbà èwe rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì etí rẹ̀ ló ti dín kù.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbọ́ ìró tínrín ló máa ń kọ́kọ́ kú, pàápàá èyí tó wà láàrin 3,000 sí 6,000 Hertz. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ọdẹ tètè fura. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tó ń gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá jẹ́ ìró tó rinlẹ̀, nítorí náà yóò ṣì máa gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ sókè sódò. Kọ́ńsónáǹtì bíi s, f, ṣ, t àti k ni kò ní í dá mọ̀ yàtọ̀ mọ́. Bí ẹnì kejì rẹ̀ bá ké láti inú igbó pé ẹran "ti tú", ó lè gbọ́ pé ó "ti kú", kó sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibi tí ẹran tó fara gbọta ti ń jà. Ìró tínrín yìí kan náà ni ti ewé tó ń fọ́ àti ti koríko tó ń já lẹ́nu ọ̀yà. Ọdẹ tí kò gbọ́ wọn mọ́ lè rò pé ẹran ló ti dín kù nínú igbó.

Ìwọ̀n ìró

Dẹ́síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn bí ìró ṣe le tó. Bí òǹkà bá fi 3 lé, agbára ìró ti di ìlọ́po méjì. Bó bá fi 10 lé, ó ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Bó bá fi 20 lé, ó ti di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn méjì ń bá ara wọn sọ nínú yàrá jẹ́ nǹkan bí 60. Láti 85 lọ sókè ni ewu ti bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó bá ń gbọ́ ọ fún wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́. Bí òǹkà bá ṣe ń fi mẹ́ta mẹ́ta lé ni àkókò tí etí lè fara dà á ń dín sí ìdajì, tó fi jẹ́ pé ìṣẹ́jú 15 péré ni ti 100.

Fún ìró òjijì, 140 ni ààlà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ fún àgbàlagbà, 120 sì ni fún ọmọdé. Ráìfù kékeré tí ọta rẹ̀ jẹ́ .22 ń sún mọ́ 140. Ṣọ́tígọ̀ọ̀nù àti ráìfù ńlá máa ń wà láàrin 150 sí 165, ìyẹn ni pé ìró wọn lè ju ààlà náà lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún lágbára.

Etí méjèèjì kì í fara gbá a bákan náà. Ọdẹ tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún yìnbọn á gbé ìdí ìbọn lé èjìká ọ̀tún, á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e; etí òsì rẹ̀ ló máa kọjú sí ẹnu ìbọn, orí rẹ̀ á sì bo ti ọ̀tún díẹ̀. Nítorí náà etí òsì ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì yìnbọn, etí ọ̀tún ni tirẹ̀. Ẹni tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ìbọn sì lè gba ìró tó ju ti ẹni tó yìn ín lọ, nítorí ẹnu ìbọn jìnnà sí etí ẹni tó dì í mú ju tirẹ̀ lọ. Ní gbangba, bí ibi tí ènìyàn dúró sí bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, ìró ń fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ̀lì 6 dín kù.

Ìbọn tó wà lọ́wọ́ ọdẹ Ìgbómìnà

Ní Ìgbómìnà Ọ̀ṣun, ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ rọ àti ṣọ́tígọ̀ọ̀nù ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì ni ọdẹ ń lò jù. Ọta ṣọ́tígọ̀ọ̀nù ti ilé iṣẹ́ wá pẹ̀lú ìwọ̀n ẹ̀tù rẹ̀. Ti ṣakabùlà kò rí bẹ́ẹ̀: ọdẹ fúnra rẹ̀ ló ń da ẹ̀tù sí i láti ẹnu, tó ń fi ìháhá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tó ń kó ọta lé e. Bí ẹ̀tù bá ṣe pọ̀ tó, tí wọ́n sì kì í le tó, ni ìró rẹ̀ yóò ṣe le tó, ni ewu pé ìbọn lè fọ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́ yóò sì ṣe pọ̀ tó. Ọdẹ tó ní ìwọ̀n ẹ̀tù kan tí kì í kọjá ti dáàbò bo ojú, ọwọ́ àti etí rẹ̀ pọ̀. Kí ìbọn dún dáadáa kò fi hàn pé yóò pa ẹran dáadáa.

Ilẹ̀ náà ní ipa tirẹ̀. Ìlá wà níbi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé. Ìlà oòrùn rẹ̀, lápá Òkè-Ìlá níbi tí omi Àyìnkúnugbá ti ń já sílẹ̀, jẹ́ ilẹ̀ òkè àti àpáta. Àpáta a máa dá ìró padà. Ọdẹ tó yìnbọn ní ẹ̀gbẹ́ àpáta tàbí láàrin òkè méjì tó sún mọ́ra yóò gba ti ìbọn, yóò tún gba èyí tí òkè dá padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó yìnbọn láti inú ahéré, lábẹ́ òrùlé páànù, tàbí láti inú ọkọ̀. Níbi tí ọdẹ bá ti lè yàn, kí ó yìnbọn láti ibi tó tẹ́jú, tí kò ní ògiri tàbí àpáta lẹ́yìn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Iṣẹ́ ọdẹ kò tún mọ sí ti ẹran mọ́. Láti ìgbà tí àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá ti dá ikọ̀ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020, ọ̀pọ̀ ọdẹ ti wọ iṣẹ́ ààbò ìlú. Ọdẹ tó bá lọ fi ìbọn dánra wò lè gbọ́ ìró púpọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó lè ju èyí tó ń gbọ́ nínú igbó fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́, dé irú ibi ìdánrawò bẹ́ẹ̀ láìdí etí.

Sàìlẹ́ńsà ẹnu ìbọn

Ní 1909 ni Hiram Percy Maxim, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí sàìlẹ́ńsà ìbọn. Bàbá rẹ̀, Hiram Stevens Maxim, ni ó ṣe ìbọn arọ̀jò ọta tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Maxim ní 1884, irú èyí tí àwọn Òyìnbó gbé wá ja Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn ní 1892. Ìdánwò ìbọn lọ́pọ̀ ọdún sọ bàbá náà di adití. Ọmọ rẹ̀ sì tún lo ìmọ̀ sàìlẹ́ńsà ìbọn yìí fún ẹ̀rọ: sàìlẹ́ńsà tó wà lábẹ́ mọ́tò àti tẹnu ìbọn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́. Ooru àti èéfín tó ti inú ẹ̀tù jáde yóò wọ inú ọ̀pá tí wọ́n pín sí yàrá yàrá. Yóò fẹ̀ níbẹ̀, yóò tutù, yóò sì jáde pẹ̀lẹ́ dípò kó bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Èyí tó dára lè mú dẹ́síbẹ̀lì 20 sí 35 kúrò. Ó tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ìbọn di aláìlóhùn bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú fíìmù. Ráìfù tó wà ní 165, bí sàìlẹ́ńsà bá mú 30 kúrò nínú rẹ̀, ṣì wà ní 135. Ó ti bọ́ sí abẹ́ ààlà 140, ṣùgbọ́n etí tó gba irú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láìdí yóò bàjẹ́ síbẹ̀. Ìró kejì sì tún wà tí sàìlẹ́ńsà kò lè fọwọ́ kàn. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀pọ̀ ọta ráìfù ń rin ju 800 lọ. Ohun tó bá yára ju ìró lọ a máa la afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ìró líle bíi ti pàṣán, ìró yìí á sì máa bá ọta lọ ní gbogbo ọ̀nà rẹ̀. Ọta tó lọ́ra ju ìró lọ nìkan ni kò ní in. Ìbọn àkọ́kọ́ tí wọ́n yìn pẹ̀lú sàìlẹ́ńsà tó ti tutù tún máa ń le ju èyí tó tẹ̀ lé e lọ, nítorí afẹ́fẹ́ tó wà nínú ọ̀pá ń jẹ́ kí ẹ̀tù tún jó díẹ̀ sí i níbẹ̀. Ọdẹ sì rèé, ìbọn àkọ́kọ́ ni ó ń yìn jù.

Ní Fínláńdì, Nọ́wè àti Níú Sílàndì, ọdẹ ń lo sàìlẹ́ńsà gẹ́gẹ́ bí ohun ààbò etí. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1934 fi í sí abẹ́ ìforúkọsílẹ̀ ìjọba àpapọ̀. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 pín ìbọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta: èyí tí wọ́n kà léèwọ̀, ìbọn aládàáni bíi ṣọ́tígọ̀ọ̀nù àti ráìfù ọdẹ, àti ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹnu bíi ṣakabùlà, ìwé àṣẹ ló sì wà fún níní wọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe so ohunkóhun mọ́ ìbọn rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá.

Ti ṣakabùlà tilẹ̀ yàtọ̀. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń gbà ki í, ọ̀pá rẹ̀ kì í sì í dọ́gba láti ìdí dé ẹnu bíi ti ilé iṣẹ́. Ọta wẹ́wẹ́ àti ìháhá tó ń fọ́n jáde yóò kọlu ohunkóhun tí wọ́n bá so mọ́ ọn, ìbọn náà sì lè bú mọ́ ọdẹ lójú. Kò yẹ kí ọdẹ ní kí alágbẹ̀dẹ dán irú rẹ̀ wò. Bí ẹni tí sàìlẹ́ńsà wà lẹ́nu ìbọn rẹ̀ bá ṣì gbọ́dọ̀ dí etí, ẹni tó gbé ṣakabùlà lọ́wọ́ kò ní ààbò mìíràn ju èdídí etí lọ.

Èdídí etí àti ìbotí

Oríṣi mẹ́rin ló wúlò fún ọdẹ:

1. Èdídí fóòmù. Ó rọ̀, owó rẹ̀ kéré, ó sì ń dí etí jù bí wọ́n bá fi í bó ṣe yẹ. Kò ní jẹ́ kí ọdẹ gbọ́ ẹran.

2. Èdídí rọ́bà tó ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta. Wọ́n lè fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì tún un lò fún oṣù púpọ̀.

3. Èdídí oníhò. Ihò tóóró kan wà láàrin rẹ̀ tó ń jẹ́ kí ìró jẹ́jẹ́ kọjá, tó sì ń dí ìró líle òjijì lọ́nà. Èyí bá ọdẹ tó ń rìn kiri mu.

4. Ìbotí, tó ń bo gbogbo etí látòde. Èyí tó ní bátìrì tún wà: ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré inú rẹ̀ ń gbé ìró jẹ́jẹ́ sókè, ó sì ń dákẹ́ nígbà tí ìró bá fẹ́ kọjá nǹkan bí 85. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ọdẹ gbọ́ ewé tó ń mì, kí ó sì bọ́ lọ́wọ́ ìró ìbọn.

Òwú, tíṣù àti ewé tí wọ́n fún mọ́ etí kò ka nǹkan kan lójú ìró ìbọn. Ìkarahun ọta tó ti ṣófo kò yẹ létí rárá. Wọ́n lè rí èdídí fóòmù rà ní àwọn kẹ́míìsì ńlá àti ní ilé ìtajà ohun ààbò òṣìṣẹ́ ní Òṣogbo tàbí Ìlọrin.

Èdídí fóòmù tí kò wọlé dáadáa dà bí ẹni tí kò dí etí. Bí wọ́n ṣe ń fi í nìyí:

1. Kí ọwọ́ mọ́, láìsí ẹ̀tù tàbí epo lára rẹ̀.

2. Kí ọdẹ fi ìka yí èdídí náà títí yóò fi tínrín, láìjẹ́ kó ká.

3. Kí ó gba ẹ̀yìn orí na ọwọ́ kejì, kí ó fa etí sókè àti sẹ́yìn, kí ihò etí lè tọ́.

4. Kí ó ti èdídí náà wọlé, kí ó sì fi ìka dì í mú fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, títí yóò fi wú tán.

5. Kí ó sọ̀rọ̀ sókè. Bí ohùn ara rẹ̀ bá dún bí ẹni pé inú àmù ló wà, èdídí ti wọlé. Bí ó bá ṣì mọ́lẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, kí ó yọ ọ́, kí ó tún un ṣe.

Òǹkà kan máa ń wà lára páálí, bíi 29 tàbí 33, tó ń sọ iye dẹ́síbẹ̀lì tí èdídí náà mú kúrò ní yàrá ìdánwò. Nínú igbó, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí kì í tó bẹ́ẹ̀, nítorí wọn kì í fi í wọlé tán. Ìbọn tó wà ní 160, bí èdídí bá mú 25 kúrò, yóò di 135. Fífi èdídí sínú etí kí wọ́n tún gbé ìbotí lé e ń mú nǹkan bí 5 sí i kúrò, ó sì yẹ fún ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn léraléra.

Lílo èdídí nínú igbó

Ọdẹ tó dúró de ẹran lórí igi tàbí lẹ́bàá odò ní àkókò. Kí ó gbé ìbotí sí ọrùn, kí ó fi etí lásán tẹ́tí. Nígbà tí ẹran bá ti sún mọ́, kí ó gbé e bo etí pẹ̀lẹ́ kí ó tó gbé ìbọn. Kí ó ti fi èyí dánra wò nílé títí ọwọ́ rẹ̀ kò fi ní pariwo.

Ọdẹ tó ń rìn lóru pẹ̀lú iná lórí kì í ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, nítorí ẹran á dédé yọ. Èdídí oníhò ló yẹ kó wà létí rẹ̀ láti ìgbà tó bá ti kúrò ní ahéré. Bí owó bá tó ẹyọ kan péré, tàbí bí ó bá fẹ́ fi etí kan sílẹ̀ láti tẹ́tí, kí ó ríi dájú pé etí tó kọjú sí ẹnu ìbọn ni ó dí. Èyí sàn ju kí méjèèjì ṣí sílẹ̀ lọ, kò sì tó.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n bá finá sí igbó tí ọdẹ púpọ̀ sì tò yí i ká, ìbọn á máa dún lọ́tùn-ún lósì, ọdẹ sì gbọ́dọ̀ gbọ́ igbe ẹnì kejì rẹ̀ kí ọta má baà ba ènìyàn. Èdídí fóòmù kò bá èyí mu. Èdídí oníhò tàbí ìbotí oníbátìrì ni. Kí olórí ọdẹ sì ti là á kalẹ̀ kí wọ́n tó wọ igbó pé ọwọ́ àti iná tọ́ọ̀ṣì ni wọn yóò fi ṣe àmì dídúró, kí ẹ̀mí ènìyàn má baà rọ̀ mọ́ igbe nìkan. Ẹni tó bá dúró ti ọdẹ, kí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn.

Okùn iná orí, fìlà àti awò ojú tó bá wọ abẹ́ ìbotí yóò ṣí àyè sílẹ̀ fún ìró. Kí fìlà àti okùn iná wà lókè rẹ̀. Èdídí fóòmù tó ti le tàbí tó ti dọ̀tí, jíjù ni. Èyí tó bá mọ́, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú ike tó ní ìdérí, kí eruku ọyẹ́ má baà wọ̀ ọ́.

Ìsìnkú ọdẹ àti ọdún Ògún

Níbi ìṣípà ọdẹ, tí wọ́n ń sun ìrèmọ̀jé fún òkú, àti nígbà ọdún Ògún, ìbọn a máa dún léraléra láàrin ọ̀pọ̀ èrò. Ẹ̀tù lásán ni, kò sí ọta nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tù ló ń dún, kì í ṣe ọta. Ìbọn tí wọ́n ki le fún ayẹyẹ lè dún ju ti inú igbó lọ, àwọn àgbà ọdẹ, onílù àti asunrèmọ̀jé sì ń wà nítòsí rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀.

Iyì ayẹyẹ náà kò ní dín kù bí wọ́n bá ya ibì kan sọ́tọ̀ fún ìbọn, jìnnà sí èrò àti sí ògiri ilé. Kí wọ́n máa yìn ín lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ àṣẹ olórí ọdẹ. Kí wọ́n kéde kó tó dún kí àwọn ènìyàn lè fi ìka dí etí. Kí ẹ̀tù sì mọ níwọ̀n. Àwọn tó ń yìn ín àti àwọn tó jókòó tì wọ́n, kí wọ́n fi èdídí sí etí.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ọdẹ

Ọmọ tó ń tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sígbó ni yóò lo etí rẹ̀ pẹ́ jù, ààlà tirẹ̀ sì kéré sí ti àgbàlagbà. Ó ṣọ̀wọ́n kí ìró ìbọn ẹlẹ́tù kan wà ní abẹ́ 120 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó yìn ín láìsí sàìlẹ́ńsà. Nítorí náà ìbotí ló yẹ ọmọ, nítorí èdídí tó bá àgbà mu lè máà bá ihò etí rẹ̀ mu. Kí ọ̀gá kọ́ ọ ní fífi ìbotí sí etí ní ọjọ́ kan náà tó kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń gbé ẹnu ìbọn sí ibi tí kò séwu.

Àmì pé etí ti fara gbá, àti ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Etí tó ń hó lẹ́yìn ìbọn, ọ̀rọ̀ tó ń dún bí ẹni pé ó jìnnà, etí tó dà bí ẹni pé ó di: gbogbo wọn jẹ́ àmì pé sẹ́ẹ̀lì ti fara gbá. Nígbà mìíràn yóò fúyẹ́ láàrin ọjọ́ kan sí méjì, ọdẹ yóò sì gbàgbé rẹ̀; ṣùgbọ́n ibi tó ti ṣẹlẹ̀ léraléra ni ìparun ti ń wọlé. Lẹ́yìn irú rẹ̀, kí ọdẹ fún etí ní ìsinmi: kí ó jìnnà sí ìbọn, sí jẹnẹrétọ̀ àti sí gbohùngbohùn ńlá títí yóò fi mọ́lẹ̀.

Bí etí kan bá ṣàdédé kú, bí híhó bá kọ̀ láti lọ lẹ́yìn ọjọ́ méjì, bí òòyì bá ń kọ́ ọdẹ, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá ń jáde létí, ilé ìwòsàn ló kàn. Kí wọ́n má fi ọjọ́ falẹ̀: àwọn oògùn kan wà tó lè ran etí tó ṣàdédé kú lọ́wọ́, agbára wọn sì ń dín kù bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Láti Ìlá, wọ́n lè lọ rí dókítà etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Òṣogbo, Ilé-Ifẹ̀ tàbí Ìlọrin. Kí ẹnikẹ́ni má da àdí, oje àlùbọ́sà tàbí oògùn kankan sí etí tí awọ ìlù rẹ̀ lè ti ya. Kí omi má sì wọ̀ ọ́. Awọ tó ya ní ihò kékeré sábà máa ń dí fúnra rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí wọ́n bá jẹ́ kó gbẹ.

Àwọn oògùn mìíràn sì wà tó ń pa sẹ́ẹ̀lì etí, pàápàá abẹ́rẹ́ gentamicin àti streptomycin. Kí ọdẹ má gba irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe oníṣègùn, kí ó sì sọ fún dókítà pé ìbọn ni iṣẹ́ òun.

Ó dára kí ọdẹ máa lọ yẹ etí wò lọ́dọọdún. Àyẹ̀wò náà kì í dunni: wọ́n á gbé ìró tínrín àti èyí tó rinlẹ̀ sí i létí lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì ya bó ṣe gbọ́ wọn sórí ìwé. Bí ìlà náà bá lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí 4,000 Hertz tó sì tún gbéra lẹ́yìn rẹ̀, ariwo ni dókítà yóò kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ tí wọ́n ń fi sí etí a máa gbé ohùn sókè fún ẹni tí etí rẹ̀ ti dín kù, ṣùgbọ́n kì í dá sẹ́ẹ̀lì padà, kì í sì í dí ìró ìbọn. Kí ọdẹ tó ń lò ó gbé ìbotí lé e kí ìbọn tó dún. Àwọn àgbà ọdẹ kan a máa wò ó pé etí àwọn ti bàjẹ́ tán, pé èdídí kò wúlò fún àwọn mọ́. Ìdàkejì rẹ̀ ni òtítọ́: sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́ kù fún wọn kò pọ̀ mọ́, òun náà ni wọ́n sì fi ń gbọ́ ohùn aya, ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Àwọn gan-an ni èdídí etí tọ́ sí jù lọ.